Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Pródúsà orin metal, kí ló ń ṣe, kí ló sì ń jẹ?

Lẹ́yìn tí a kọ̀wé nípa àwọn sítúdíò ìgbohùnsílẹ̀ ìlú Àbújá nínú ẹ̀dà tó kọjá, lẹ́tà kún orí tábìlì mi, mẹ́rin nínú wọn sì dá lórí ohun tí n kò retí rárá, ìyẹn heavy metal, orin gìtá tó le bí irin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè ní ariwo. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ rí. Pródúsà ni ẹni tó ń darí bí a ṣe ń gba orin sílẹ̀. Mo ní sítúdíò kékeré kan ní Garki fún ọdún mélòó kan kí n tó jókòó ti iṣẹ́ ìwé ìròyìn, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tó ń kọ irú orin yìí sì wà lára àwọn oníbàárà mi, àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, mo sì ti yọ orúkọ kúrò nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ kan ní Wuse. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, orin metal ni ọkàn mi sì fà sí jù. Bàbá mi ní òun kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú orin bẹ́ẹ̀ kọ́lé. Ǹjẹ́ iṣẹ́ ni lóòótọ́, àbí eré ọwọ́dilẹ̀? (Òǹkàwé kan, Kubwa)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, iṣẹ́ gidi ni, àwọn kan sì ti fi jẹun pẹ́. Bàbá rẹ kò jẹ̀bi, nítorí ẹni tó ń kọrin ni gbogbo ayé máa ń rí. Orúkọ ẹni tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn páálí àwo ní lẹ́tà wínníwínní, níbi tí ẹni tó bá dìídì ń wá a nìkan ti lè rí i.

Ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Tom àti Jim Morris, dá sítúdíò kan sílẹ̀ ní 1981, wọ́n sì pè é ní Morrisound. Onírúurú orin ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Scott Burns, ni ó wá di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ death metal, èyí tó le jù nínú àwọn ẹ̀ka orin yìí, ń wá kiri. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn àwo Obituary, Death, Cannibal Corpse àti Sepultura. Brazil ni Sepultura ti wá, Rio de Janeiro sì ni Burns lọ bá wọn láti gba àwo Beneath the Remains, tó jáde ní 1989. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Arise, tó jáde ní 1991, àwọn gan-an ni wọ́n kó ẹrù wọn wá bá a ní Tampa.

Kí ni ọkùnrin náà ń ṣe tí odidi ẹgbẹ́ olórin fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìlù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú orin wọn, ẹni tó jókòó sídìí ìlù òyìnbó máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ pẹ́dà ìlù ńlá tó wà nílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń yára débi pé ìró mẹ́tàlá lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí o bá gba irú ìlù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń gba ìlù ṣọ́ọ̀ṣì, tí o jẹ́ kí ìró kọ̀ọ̀kan hó nínú yàrá kó tó kú, èkejì yóò ti dé kí èkíní tó lọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì dún bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lórí afárá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò dín ikùn ìró náà kù, yóò sì gbé ibi tí òòlù ti kan awọ jáde, kí etí lè máa ka ìró náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ronú nípa ẹni mẹ́ta tó dúró ti odó kan ṣoṣo tí wọ́n ń gún iyán: bí ọmọ odó kọ̀ọ̀kan kò bá ní àkókò tirẹ̀, igi ni yóò máa gba igi. Burns mọ bí a ṣe ń fún ọmọ odó kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àwo rẹ̀ fi yéni létí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìyókù ìtàn náà, ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Wuse. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Burns fi orin sílẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì lọ ṣe. Ẹnu ọ̀nà tí ìwọ fẹ́ gbà wọlé gẹ́lẹ́ ni òun gbà jáde. N kò fi èyí dẹ́rù bà ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ pé òkìkí nínú iṣẹ́ yìí àti owó ilé oúnjẹ kì í sábà rìn pọ̀.

Ti pródúsà Tomas Skogsberg ní Stockholm, ní Sweden, tún yàtọ̀. Sítúdíò tirẹ̀ ń jẹ́ Sunlight, ohùn gìtá tó sì sọ ibẹ̀ di olókìkí kò ti ara ẹ̀rọ olówó gọbọi wá. Pẹ́dà kékeré kan báyìí tó ń mú ohùn gìtá kẹ̀, HM-2, tí iléeṣẹ́ Boss ṣe láti 1983 títí di 1991, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Entombed tẹ ẹsẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì yí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ dé òpin bí ẹni tó fẹ́ ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́. Nígbà tí àwo wọn, Left Hand Path, jáde ní 1990, gìtá inú rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ilé ìlapákó. Ẹlòmíràn ìbá ní kí wọ́n dín in kù. Skogsberg fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá nítorí ohùn yẹn gan-an.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n pẹ́ nídìí rẹ̀. Martin Birch ni ó ṣe pródúsà àwo mẹ́jọ tẹ̀ léra fún ẹgbẹ́ Iron Maiden, láti 1981 títí dé 1992, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Andy Sneap, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní sítúdíò ní Derbyshire, ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Sabbat kó tó di pródúsà. Ní 2018, nígbà tí àìsàn Parkinson kò jẹ́ kí atagìtá Glenn Tipton lè máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀, Judas Priest, rin ìrìn-àjò mọ́, Sneap, tó wà lára àwọn tó ṣe pródúsà àwo wọn ti ọdún náà, ni wọ́n pè gorí ìtàgé láti wá ta gìtá rẹ̀. Ta ni ìbá tún mọ orin wọn tó ẹni tó ti gbọ́ ọ ní ìgbà igba nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa?

Bàbá rẹ lè ní òkè òkun ni gbogbo ìyẹn. Bi í bóyá ó rántí Ace, àwo tí Shina Peters fi gba ìgboro kan ní 1989, tí kò sí òde àríyá tí wọn kì í ti í lù ú. Laolu Akins ni pródúsà rẹ̀. Kí Laolu Akins tó débẹ̀, onílù ni nínú BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ẹlẹ́ni mẹ́ta ní Èkó, tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Etí tó fi ń gbọ́ gìtá oníná nígbà náà ni ó gbé wọ inú jùjú, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè pé ṣé rọ́ọ̀kì ṣì ni.

Ìmọ̀ràn mi, nítorí náà, ni pé kí o má tí ì fi Wuse sílẹ̀. Wá ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí ó mọ orin rẹ̀ dáadáa, kí o sì gba orin mẹ́ta péré sílẹ̀ fún wọn, kí o fi oṣù mẹ́ta ṣe é bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí atagìtá ta ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí o fi ọ̀kan sí ọwọ́ òsì, kí o fi èkejì sí ọwọ́ ọ̀tún. Má ṣe fi kọ̀ǹpútà da ọ̀kan kọ kí o sì pè é ní méjì, nítorí etí yóò gbọ́ méjèèjì bí ẹyọ kan ṣoṣo láàárín, fífẹ̀ tí o ń wá kò sì ní sí níbẹ̀. Bí atagìtá kò bá lè ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà kan náà, dá a padà sílé kó lọ ṣe ìdánrawò. Ìyẹn gan-an ni ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ gẹ́gẹ́ bí pródúsà.

Ìbéèrè: Mo kí yín o. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí ní Gwarinpa. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Lugbe, ó ní sítúdíò ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti kun gbogbo ògiri ní dúdú, ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ọn yí ká, ó sì gbé àwòrán agbárí àti eegun kọ́. Orin tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹranko bá ń ké. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọmọ mi wọ̀ yìí? (Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Gwarinpa)

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀. N kò mọ ọmọ yín, n kò sì lè jẹ́rìí gbè é, ṣùgbọ́n agbárí lára ògiri nìkan kò tó láti fi ẹnikẹ́ni sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Àṣà ìpolówó orin náà ni. Ẹ rántí bí ọmọdé ṣe máa ń sá nígbà tí eégún bá gbé ojú tó burú jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò tún padà wá sí ojú agbo. Fífi ẹ̀rù ṣeré kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárín wa.

Bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìtàn òṣìṣẹ́ ni. Ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan, Tony Iommi, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ sì gé orí ìka méjì lára ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ó sì fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi ṣe adé sí orí àwọn ìka náà, ó wá okùn gìtá tí kò nípọn, nígbà tó sì yá, ó dẹ okùn náà kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Okùn tó dẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, tó wúwo bí ẹni tó ru irin, wà lára ohun tí gbogbo ayé wá ń pè ní heavy metal. Àwo àkọ́kọ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, ṣe pẹ̀lú pródúsà Rodger Bain jáde ní oṣù kejì ọdún 1970. Màmá, ìyá kan wà nílé fún ọmọ yẹn náà, ó sì dá mi lójú pé kò gbádùn ariwo rẹ̀.

Ohun tó kàn mí jù nínú lẹ́tà yín ni páálí ẹyin. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé páálí ẹyin kì í dá ohùn dúró. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba díẹ̀ nínú ohùn tín-ín-rín òkè, ó sì jẹ́ kí ohùn ńlá ìsàlẹ̀ máa kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò bí ẹni pé ògiri kò sí. Bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, ká má rí i. Kó ra òwú òkúta tí àwọn tó ń fi amúlétutù sí ilé ńláńlá máa ń lò, kó dì í sínú férémù pákó, kó bo aṣọ lé e, kó sì gbé e sí àwọn igun yàrá ní pàtàkì. Kó lọ bá aládùúgbò rẹ̀ kí aládùúgbò tó wá bá a, kí wọ́n jọ mọ wákàtí tí gìtá yóò máa dún. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ jókòó tì í fún wákàtí kan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí ọmọ tó ń fi odidi wákàtí gbọ́ ìlù kan náà ní ẹ̀ẹ̀ọgọ́ta. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àyè láti dá wàhálà sílẹ̀ níta.

Ìbéèrè: Ẹ kú làákàyè. Mo ti ṣiṣẹ́ oníṣirò owó fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mo sì ti fẹ̀yìn tì sí Barnawa, ní Kaduna. Àbúrò ìyàwó mi ń bẹ̀ mí pé kí n yá òun lówó nínú owó ìfẹ̀yìntì mi kí òun fi ra ẹ̀rọ sítúdíò ní Àbújá, ó ní pródúsà orin metal ni òun. N kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ibi tí owó yóò ti wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde. (Oníṣirò owó, Kaduna)

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ béèrè bí oníṣirò. Ẹni mẹ́ta ni àbúrò yín fẹ́ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì dájú pé ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Onísítúdíò ni ẹni tó ní yàrá àti ẹ̀rọ, bí onílé ni, owó ọjọ́ tàbí ti wákàtí ni ó ń gbà. Agbohùnsílẹ̀ ni ẹni tó ń to máíkì tó sì ń darí ẹ̀rọ. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbà. Pródúsà ni ẹni tó ń sọ pé orin yìí gùn jù, ẹsẹ kejì kò dára, ẹ tún un ta. Ẹni yẹn ní òkè òkun máa ń gba owó iṣẹ́, ó sì tún máa ń ní ìpín, tó sábà ń jẹ́ bí ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, lórí owó tí àwo bá mú wọlé. Níbí, bí ẹnì kan bá ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníbàárà sábà máa ń san ti ẹyọ kan. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àdéhùn, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ohun tí ó jẹ́ owó yàrá, ohun tí ó jẹ́ owó iṣẹ́, àti ẹni tí yóò ni ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. A ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tuntun, ti 2022, olú iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o sì wà ní Àbújá níbí. Kò sí àwáwí.

Ibi tí owó ń gbà jáde, iná ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí ogún fún lóòjọ́, láti náírà 68 sí náírà 225 fún wákàtí kìlówáàtì kan. Ẹni tó ní kí òun lo jẹnẹrétọ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, jálá bẹntiróòlù kan ti di náírà 617 ní Àbújá ní oṣù keje ọdún náà. Amúlétutù sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí yàrá tí a dí pa kí ohùn má bàa jáde, atẹ́gùn kì í wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ni iná ń gbà lọ́wọ́ onísítúdíò, ó tún ń gba orin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ wá sí sítúdíò mi ní Garki, obìnrin kan tó ń ta ẹja yìnyín wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ojú iná kan náà ni a sì jọ ń lò. Ní gbogbo ìgbà tí fíríìsà rẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun kan máa ń ta “tá” nínú ẹ̀rọ mi. Nígbà tí mò ń gba ohùn akọrin ìjọ sílẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí, tàbí kí n sọ pé mo gbọ́ ọ, n kò sì kà á sí. Ṣùgbọ́n gìtá metal máa ń gba inú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ohunkóhun tó bá bá gìtá wọlé, bó ti wù kó kéré tó, yóò bá a dàgbà. Ọjọ́ kẹrin, nígbà tí mo jókòó láti po ohùn pọ̀, ni mo tó gbọ́ fíríìsà ẹlẹ́ja nínú orin márùn-ún, pẹ̀lú ìkùn wáyà tí wọn kò so mọ́ ilẹ̀ dáadáa tó ń dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí oyin. Mo pe àwọn ọmọ náà padà, mo sì fi owó ara mi san ọkọ̀ wọn láti Mararaba fún ọjọ́ mẹ́rin mìíràn. Ẹlẹ́ja yẹn kò mọ̀ títí dòní pé òun kọrin nínú ẹgbẹ́ metal.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa yá a lówó, ẹ yá a fún iná ná: kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ rì wáyà ilẹ̀ fún un, kí ó ní ínfátà àti bátìrì tó lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà láìsí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lẹ́yìn fèrèsé. Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá. Ṣọ́ọ̀bù onígun mẹ́rin tó jẹ́ mítà mẹ́ta ní mẹ́ta kò dára fún orin yìí, nítorí ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà mẹ́fà àbọ̀ sí méje. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ lápọ̀jù ní igun yàrá, yóò sì ṣaláìsí láàárín, pródúsà yóò sì máa ṣe ìpinnu lórí ohun tí kò rí bí ó ṣe gbọ́ ọ. Máíkì ni ó kẹ́yìn. Shure SM57, tí kì í ṣe máíkì olówó iyebíye, ni àwọn pródúsà ńlá ṣì ń gbé síwájú sípíkà gìtá.

Ti owó tó ń wọlé, mo máa sọ òtítọ́ tí àbúrò yín lè má fẹ́ gbọ́: ẹgbẹ́ metal tó lè san owó odindi ọjọ́ mẹ́wàá kò pọ̀ ní Àbújá. Sítúdíò tèmi jẹun lára ìpolówó rédíò ní èdè Haúsá àti Yorùbá, lára orin ìdìbò tí àwọn olóṣèlú ń ṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin, lára àwo ìjọ àti wáàsí. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Etí tó ti kọ́ láti ya gìtá méjì àti ìlù tó ń sáré sọ́tọ̀ kò ní rí ohùn oníwàásù kan ṣoṣo bí iṣẹ́. Bí àbúrò yín bá ní òun kò ní gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé olórin metal ni òun, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi owó yín sí báńkì.

Ìbéèrè: Jos ni wọ́n ti bí mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá ṣòwò síbí. Ọmọ Àyàn ni wá, gangan ni mò ń lù. Ẹgbẹ́ metal kan ní kí n wá bá àwọn lu ìlù nínú orin kan tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ ní oṣù kìíní. Mo bá wọn ṣe ìdánrawò, n kò gbọ́ ìlù ara mi. Ṣé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí gangan àti irú gìtá yẹn jọ wà? (Àyàn, Jos)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Àwọn Sepultura tí mo dárúkọ lókè ṣe irú rẹ̀ ní 1996 nínú àwo Roots, nígbà tí wọ́n pe onílù ilẹ̀ wọn, Carlinhos Brown, wọ́n sì lọ bá àwọn ẹ̀yà Xavante láti bá wọn kọrin. Ross Robinson ni pródúsà.

Oṣù kìíní tí o dá yẹn, ọyẹ́ yóò ti gba gbogbo Plateau. O mọ̀ jù mí lọ pé awọ ìlù yóò gbẹ, yóò sì fa ohùn gangan sókè. Ohun tí o lè má mọ̀ ni pé awọ ìlù òyìnbó wọn, ọ̀rá ni, ọyẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára, igi ọrùn gìtá wọn ni yóò sún kì, tí okùn rẹ̀ yóò sì máa yà kúrò ní ohùn. Kí ẹ má jọ gbà pé ẹnì kan ló ṣì í. Kí wọ́n máa fi kànìnkànìn tútù sínú àpótí gìtá ní alẹ́, kí gbogbo yín sì tún ohùn ṣe kí ẹ tó gba orin kọ̀ọ̀kan.

Àìgbọ́ ìlù rẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Gìtá tí wọ́n ti mú ohùn rẹ̀ kẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gba gbogbo àyè láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò sì ní ibì kan tí yóò fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mí inú gangan lè yọrí díẹ̀, ṣùgbọ́n dò yóò rì sínú rẹ̀ pátápátá, nígbà tí dò bá sì ti sọnù, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni o pè tàbí ọkọ. Wọn yóò ní kí o lù ú kíkankíkan. Má ṣe gbà, awọ ni yóò ya. Bẹ́ẹ̀ ni gbígbé ìlù sókè nínú ẹ̀rọ kò ní wò ó sàn, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé sókè, gìtá yóò tún lé e bá.

Sọ fún pródúsà wọn pé kí wọ́n gba ìlù tìrẹ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó tan gìtá, kí o sì lu ohun tí o fẹ́ sọ tán. Lẹ́yìn náà ni kí àwọn atagìtá jókòó, kí wọ́n gbọ́ ibi tí gbólóhùn rẹ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, kí wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ di okùn mú fún ìwọ̀n ìlù mẹ́rin nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀. Bí o bá sọ tìrẹ tán, kí wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe fẹ́.